Ihò Ínṣì Mẹ́rìndínlógún

"Ẹ má tì mí mọ́! Mo ní ẹ má tì mí mọ́, ẹ fà mí sílẹ̀!"

"Bàbá, ẹsẹ̀ wo ni ká fà?"

"Èyí tó bá wù yín! Ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni mo ní ni?"

Ohùn Bàbá Agogo ló ń ti òkè àjà wá yẹn, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ló wà lọ́dọ̀ wa nísàlẹ̀: bàtà méjì, ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, àti bẹ́líìtì tó ti wọnú ẹran lọ. Orí, apá àti àyà rẹ̀ ti gba ihò àjà kọjá sí yàrá òkè. Ikùn rẹ̀ ló kọ̀ tí kò tẹ̀lé wọn. Onígbàjámọ̀ adúgbò wa dúró sí àárín àkàbà, ó di ẹsẹ̀ òsì mú. Èmi di àkàbà mú. Ìyàwó Bàbá Agogo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí, kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú ẹkún àti ẹ̀rín.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ mí síta! Ẹ mí síta kí ikùn lè rẹlẹ̀!"

"Mo ti mí síta tán! Èyí tó kù yìí, bí mo bá mí i síta, ó di gbére."

Nígbà tí a fà á bọ́ níkẹyìn, irin ẹnu ihò náà ti bó o lára yí ikùn ká. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Lókè orí wa, a ń gbọ́ agogo ńlá náà tó ń rìn lọ, kọ̀, kọ̀, kọ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Lẹ́yìn náà ni ó lu méjìlá ọ̀sán. Mo yọ́jú wo aago ọwọ́ mi. Ó rí mi.

"Mo mọ̀, Tíṣà," ló wí, láìgbé orí sókè. "Ìṣẹ́jú méjìlá ló fi pẹ́."

Ó yẹ kí n sọ irú agogo tí a ń wí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ilé gogoro kan wà ní gbàgede àárín ìgboro wa, tí wọ́n ti kọ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi. Alájà mẹ́ta ni. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ. Yàrá àárín ni ọwọ́ irin wà, èyí tí wọ́n fi ń ká okùn tó gbé irin wíwúwo ró. Bí irin náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni agogo ń rìn. Yàrá òkè pátápátá ni àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín àti ojú agogo wà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀: ihò roboto tí wọ́n fi irin ká lẹ́nu, tí wọ́n sì ri irin náà mọ́ òkúta. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì mẹ́rìndínlógún. Àwọn tó kọ́ ọ kò rò pé ẹni tí yóò máa tọ́jú agogo lè sanra láéláé.

Ọdún méjìdínlógójì ni Bàbá Agogo ti ń gba ihò náà lọ sókè ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, láti fi epo sí i, kí ó sì dá ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó bá ti sọ nù padà fún un. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ti dolóògbé. "Bí okùn abẹ́rẹ́ ni mo rí nígbà náà," ló máa ń wí. "Mo lè gba ojú ihò náà kí n tún gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ apá." Ní tèmi, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ tó kọjú sí gbàgede náà, agogo yẹn ni mo sì fi ń ti géètì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu mẹ́jọ òwúrọ̀, àwọn ọmọ a máa sáré. Bí ó bá lu èkẹjọ, géètì ti padé. Kò dójú tì mí rí. Ní ayé tí a wà yìí, tí olúkúlùkù ń gbé àkókò tirẹ̀ kiri nínú àpò, ó ṣòro láti ṣàlàyé bí ó ti rí nígbà tí gbogbo ìgboro ní ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jùmọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ìsanra kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bàbá Agogo kì í ṣe wọ̀bìà. Àwọn aago ọwọ́ ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàárọ̀ dalẹ́. Ó ń jókòó, ó ń tẹ̀ba, ó ń fi ojú kan wo inú awò. Ṣíbí ṣúgà mẹ́ta ló ń rọ sínú tíì, ìgbà márùn-ún lóòjọ́. Ìyàwó rẹ̀ mọ oúnjẹ sè. Ọdún ń gorí ọdún. Àfi bí ó ti di ọjọ́ kan tí ihò tó ti gbà á láìmọye ìgbà sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Oṣù méjì kọjá tí kò lè gòkè, agogo sì ń fi bí ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ sẹ́yìn lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ọ́fíìsì tó ń mójú tó iṣẹ́ ìlú ti kọ́kọ́ rán ọ̀dọ́mọkùnrin oníná kan wá. Ó gba ihò kọjá wẹ́rẹ́ bí alángbá. Ó pẹ́ lókè, nígbà tó sì sọ̀ kalẹ̀, eruku ti kún irun rẹ̀.

"Bàbá, mi ò rí ibi tí wáyà gbà wọlé."

"Kò sí wáyà níbẹ̀, ọmọ mi."

"Kí ló wá ń gbé e rìn?"

"Irin wíwúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni ń wo aláìsàn, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí a fa Bàbá Agogo bọ́ nínú ihò ni ìwé dé. Ìwé náà kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì gùn. Bí agogo kò bá bá àkókò mu ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé tí yóò tẹ̀lé ìparí ọ̀sẹ̀ kẹwàá, wọn yóò dá a dúró, wọn yóò tú u palẹ̀, wọn yóò sì gbé aago oníná tí kì í lù sípò rẹ̀. Bàbá Agogo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ká a, ó sì fi í sínú àpò àyà. Ó ní, "Wọn kò parọ́. Agogo tó ń purọ́ sàn kó dákẹ́."

Egbò ikùn rẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà wẹ egbò, ó gbé e sórí ìwọ̀n, ó wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó bi í bóyá oògùn kankan wà tó ń lò. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ihò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ gidi. Ó ní kí ó máa jẹun láàárín méjìlá ọ̀sán àti mẹ́jọ alẹ́ nìkan. Wákàtí mẹ́rìndínlógún yòókù, omi ni, tàbí tíì tí kò ní ṣúgà. Bí òòyì bá kọ́ ọ, kí ó jẹun lójú ẹsẹ̀, kí ó sì padà wá rí òun.

"Ṣùgbọ́n ẹ má dá a ṣe o, Bàbá. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó dá a ṣe. Ọjọ́ kẹrin ni ìkòkò máa ń pè wọ́n lórúkọ. Ẹ wá ẹni tí yóò bá yín jókòó ti ebi náà."

Ẹni méjì ló rí. Èkíní ni Ìyá Aránṣọ, opó tó ti fi ọgbọ̀n ọdún jókòó ti máṣíìnì títí tí orúnkún rẹ̀ fi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Èkejì ni Onígbàjámọ̀, ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí ikùn rẹ̀ máa ń kan oníbàárà kí abẹ tó kàn án. Wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, lábẹ́ agogo gan-an, wọ́n sì dá májẹ̀mú: kí olúkúlùkù máa gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wá síbẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí kí méjìlá tó lù.

"Ti agogo wo?" Onígbàjámọ̀ bèèrè, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde.

Bàbá Agogo wo fóònù náà bí ẹni ń wo ọmọ tó já lu ọ̀rọ̀ àgbà. "Agogo tó wà lórí wa."

"Èyí tó fi ìṣẹ́jú méjìlá pẹ́?"

"Òun náà."

"Bàbá, ẹ ṣàánú wa! Èlé ni ẹ fẹ́ máa gbà lórí ebi!"

"Bó bá dùn yín, ẹ ràn mí lọ́wọ́ kí n tètè rù, kí n lọ tún un ṣe."

Ìyá Aránṣọ kò bá wọn jiyàn. Ó ti mú téèpù rẹ̀, ó ti ń gun àtẹ̀gùn lọ, orúnkún ń ké. Ó gun àkàbà dé abẹ́ ihò, ó wọn ìbú rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ́ bébà sórí tábìlì, ó sì fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ gé àwòrán ihò náà ní ẹ̀ẹ̀kan, láìgbé ọwọ́. Káfíńtà fi bébà náà wọn pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì gé ihò sí àárín rẹ̀ bó ti rí. Wọ́n gbé pátákó àti bébà náà kọ́ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bàbá Agogo yóò na apá méjèèjì sókè, Onígbàjámọ̀ yóò sì gbé pátákó wọ̀ ọ́ láti orí bí ẹni ń wọ ẹ̀wù fún ọmọdé. Yóò gba àyà kọjá. Yóò dé ikùn, yóò dúró. Ìyá Aránṣọ yóò fi téèpù wọn ìbàdí ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri. Ti Bàbá Agogo bẹ̀rẹ̀ ní ínṣì méjìléláàádọ́ta.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Orí ń fọ́ wọn. Onígbàjámọ̀ gẹ orí oníbàárà kan ní wọ́gọwọ̀gọ, ó ní, "Ẹ má bínú, ebi ló gẹ̀ ẹ́, èmi kọ́." Ìyàwó Bàbá Agogo, tó ti ń gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀ ní méje òwúrọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, gbé e wá ní ọjọ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ó rántí, ó sì dúró sí àárín yàrá tòun ti abọ́ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin náà ẹ bá wa ṣe é," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Èmi? Mo ti ń jẹun ní méje kí n tó mọ̀ yín. N kò ní torí ìfẹ́ kú."

Ó jókòó, ó jẹ oúnjẹ náà lójú rẹ̀, ó ní kí ó má baà ṣòfò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, inú ilé ìdáná ló ti ń jẹ tirẹ̀, ó sì ń ti ilẹ̀kùn kí òórùn má baà jáde. Ní ọ̀sán, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé abọ́ ọkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, ìwọ̀nba ìrẹsì.

Mo máa ń jókòó lọ́dọ̀ wọn ní ọ̀sán, nítorí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò ní ibi tó ń kánjú lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni n kò lè gbàgbé. Mo ti fi ẹnu ara mi kọ́ àwọn ọmọ, ọdún gbọọrọ, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo sì rí àgbàlagbà mẹ́ta tó jókòó ti abọ́ mẹ́ta tí wọ́n dé, tí èéfín ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí, tí fóònù Onígbàjámọ̀ ti sọ pé méjìlá ti lù, tí kò sí ọlọ́pàá, tí kò sí ọ̀gá, tí wọ́n sì ń dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, mẹ́tàdínlógún. Agogo ń pẹ́ sí i, ebi wọn ń gùn sí i, wọn kò sì sún ọwọ́ mọ́ abọ́. Onígbàjámọ̀ ló ń fi ìtàn kún àlàfo náà, ìtàn nípa àwọn orí tó ti gẹ̀ rí. Bí agogo bá wá lu ohùn àkọ́kọ́, ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á mí kanlẹ̀ pọ̀, wọn a sì kà á dé méjìlá kí ìdérí tó ṣí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Onígbàjámọ̀ wọlé, kò gbé abọ́ dání. Kò dúró kí wọ́n bi í.

"Mo ti jẹun. Mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Oníbàárà kan mú búrẹ́dì gbígbóná wá, bọ́tà ń yọ́ lára rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi ṣí."

Mo retí èébú. Ìyá Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ kúrò láàárín eyín rẹ̀.

"Ṣé ó dùn?"

"Ìyá, ó dùn dé egungun."

"Ó dára. Ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la, mà á dúró."

"Ẹ jókòó, ẹ bá wa ka agogo."

Ìyẹn nìkan ni. Kò sí ìtanràn, kò sí ìwàásù. Láti ọjọ́ náà, "Ọ̀la ńkọ́?" di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó bá ṣubú. Èmi tí mo ti fi pàṣán àti gègé pupa tọ́ ọmọ ènìyàn sọ́nà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mo jókòó níbẹ̀, ojú ń tì mí díẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ Bàbá Agogo ló bà mí lẹ́rù jù. Okùn kan wà ní yàrá àárín, tó lọ bá agogo lókè tààrà. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nígboro, òun ni wọ́n ń fà láti pe ènìyàn. Onígbàjámọ̀ ti ń fi okùn náà ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Bàbá, ẹ kàn fà á lẹ́ẹ̀mejìlá, ká jẹun. Ta ló máa mọ̀?" A máa ń rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ keje, Bàbá Agogo gbé abọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

"Lónìí, mo lọ ká okùn ìwúwo. Mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ebi pa mí débi pé ojú mi ń wo ògiri, ó ń rí búrẹ́dì. Mo di okùn iná mú. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú."

"Ẹ fà á?" Onígbàjámọ̀ bèèrè, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"N kò fà á. Mo rò ó wò. Àgbà lè purọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó ní ẹnu òun ló ṣì sọ. Ṣùgbọ́n kí àgbà purọ́ lẹ́ẹ̀mejìlá tẹ̀lé ara wọn, kí gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ? Mo jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dì í mú o. Ẹ kà á sí mi lọ́rùn."

Ìyá Aránṣọ yíjú sí i. "Ọ̀la ńkọ́?"

"Ọ̀la, mà á ní kí Tíṣà bá mi gòkè."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹlẹ́rìí, tí mo ń bá a gòkè lówùúrọ̀, tí mo ń jókòó láàárín òun àti okùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn dé. Téèpù sọ pé ínṣì méjìdínláàádọ́ta. Mẹ́rin ti lọ. Ti Ìyá Aránṣọ, mẹ́ta. Ó ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú. Ṣòkòtò Onígbàjámọ̀ ti ń wá okùn. Bàbá Agogo na apá sókè. Pátákó sọ̀ kalẹ̀, ó gba àyà, ó gba abẹ́ ìhà, ó dé ikùn. Ó dúró. Onígbàjámọ̀ rọra tẹ̀ ẹ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ìka kan péré ló kù, ṣùgbọ́n ìka kan náà kò gbà.

"Bóyá ká sọ pé kí káfíńtà fá a díẹ̀," Onígbàjámọ̀ wí.

"Pátákó á gbà," ni Bàbá Agogo fèsì. "Irin ńkọ́?"

Wọ́n bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó de bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun yóò kó irinṣẹ́ òun kúrò ní yàrá àárín kí àwọn tó fẹ́ tú agogo tó dé, òun yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, kí ó má baà dà bí ẹni pé wọ́n gbà á. Ní ìgbà àkọ́kọ́, "Ọ̀la ńkọ́?" kò jáde lẹ́nu Ìyá Aránṣọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní òun gbé oúnjẹ wá ní méje òwúrọ̀, nítorí òun rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ọkọ òun wo abọ́, ó wo òun, ó dé e padà jẹ́jẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ tún ń torí rẹ̀ febi pa ara yín?"

"Agogo kò tíì lù," ló wí. "Títí ọ̀la, ó ṣì ń lù."

Lọ́jọ́ Ajé, a jọ gòkè ní mẹ́wàá àárọ̀. Ó kó àwọn irinṣẹ́ sínú àpótí: ẹ̀mú, òòlù kékeré, aṣọ ìnura, agolo epo. Nígbà tó kó wọn tán, ó dúró lábẹ́ ihò, ó gbójú sókè.

"Tíṣà, ẹ bá mi di àkàbà mú. Mo fẹ́ yọrí sí i lẹ́ẹ̀kan, kí n kí i."

Mo dì í mú. Ó na apá ọ̀tún wọlé, orí tẹ̀lé e, apá òsì, àyà. Mo ń wo bàtà rẹ̀ lórí àkàbà, mo ń retí kí ó dúró. Ìgbésẹ̀ kan. Òmíràn. Bẹ́líìtì rẹ̀ kan irin, ó kọjá. Ìdí kọjá. Mo ń wo bàtà. Mo tún wò, n kò rí bàtà mọ́.

Àkàbà tó wà lọ́wọ́ mi kò ní ẹnikẹ́ni lórí. Kò sí ohun tí mo ń gbọ́ ju kọ̀, kọ̀, kọ̀.

"Bàbá Agogo?"

"Tíṣà."

"Níbo lẹ wà?"

"Mo wà lókè." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọdé. "Mo wà lókè, Tíṣà."

"Báwo lẹ ṣe gbà débẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ na agolo epo sí mi kí n tó jí."

Mo na agolo epo sí i. Mo na aṣọ ìnura, mo na òòlù kékeré. Mo gbọ́ tó ń bá àwọn kẹ̀kẹ́ náà sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń bá ẹran ọ̀sìn sọ̀rọ̀, ó ń kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó nu eruku oṣù mẹ́rin ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa ka àkókò fún òun láti inú aago ọwọ́ mi, tí mo ti bá rédíò mu láàárọ̀. Nígbà tí mo pe mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ojú agogo ṣì wà ní mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méje. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó ti ọwọ́ agogo síwájú. Bó ti kọjá mọ́kànlá, agogo lù ú, ó mì gbogbo ògiri.

"Irọ́ ìkẹyìn nìyẹn," ló ké sí mi láti òkè.

Ní ọ̀sán, aṣojú ọ́fíìsì dúró ní gbàgede tòun ti fóònù àti ìwé. Òṣìṣẹ́ méjì gbé àpótí pákó ńlá sílẹ̀, èyí tí wọn yóò kó àwọn kẹ̀kẹ́ sí. Ìyàwó Bàbá Agogo gbé abọ́ dání, kò lè gbé e kalẹ̀. Ìyá Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Onígbàjámọ̀ fi oníbàárà kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irùngbọ̀n, oníbàárà náà sì tẹ̀lé e jáde tòun ti ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo ń wo ojú aago ọwọ́ mi. Ó pé, agogo sì lù.

Aṣojú wo fóònù. Ó gbójú sókè, ó dúró títí méjìlá fi pé, ó sì kọ̀wé. Ó ní, "Ó bá a mu," kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé àpótí òfìfo padà sínú ọkọ̀.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jókòó ti abọ́ wọn, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Agogo tó ń pẹ́ ti mọ́ ikùn wọn lára.

"Kí la tún ń dúró dè?" Onígbàjámọ̀ bèèrè.

"Kò tíì tó àkókò ebi mi," ni Ìyá Aránṣọ wí, ẹ̀rín sì pa gbogbo wa.

Ojú Ìyá Aránṣọ lọ sára pátákó tó wà lára ògiri. "Bàbá Agogo, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pátákó yìí kò gbà yín. Lónìí irin gbà yín?"

"Ó gbà mí. Àyè tilẹ̀ kù."

Ó dìde. Ó yọ bébà tó fi gé àwòrán kúrò lára ìṣó, ó tẹ́ téèpù lé e. Ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Mo gé e bí ọrùn ẹ̀wù!"

Kò yé àwa ọkùnrin. Ó ṣàlàyé, omi ti ń dà lójú rẹ̀. Ẹni tó ń gé ọrùn ẹ̀wù kì í gé e bó ṣe tó. Ó máa ń gé e kéré, nítorí bí wọ́n bá ṣẹ́ etí rẹ̀ rán, yóò fẹ̀. Ààbọ̀ ínṣì yí ká ni òun máa ń fi sílẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni ọwọ́ òun ti ń ṣe é, ọwọ́ náà kò sì bi òun kó tó ṣe é fún irin. "Irin tí kò sí ẹni tó fẹ́ rán! Bàbá, ẹ jì mí. Ó ti lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí irin ti ń dúró dè yín. Mo fi ebi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ yín níyà lásán."

Bàbá Agogo gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wo inú aago kó tó sọ ohun tó ń ṣe é.

"Lásán kọ́. Bí ẹ bá gé e bó ṣe tó, ibi tó tó ni ǹ bá dúró sí. Ǹ bá tún gba ibẹ̀ tìpátìpá, kí irin tún bó mi lára. Lónìí, mo wọlé bí ọmọ ilé." Ó ká bébà náà, ó fi í sínú àpò àyà, níbi tí ìwé ọ́fíìsì wà tẹ́lẹ̀. "Ẹ jẹun, ẹ jẹun. Oúnjẹ ti ń tutù."

Ẹnu Onígbàjámọ̀ ti kún. "Bàbá, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀la ńkọ́?"

Bàbá Agogo ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọjá lójúde rẹ̀ bí agogo ṣe ń lu méje, mo sì rí i lójú fèrèsé. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná wà ní títì. Ó bu omi ife kan, ó mu ún tán lórí ìdúró, ó ṣan ife náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì jáde lọ síbi iṣẹ́.